Kí ni ènìyàn wà láyé fún? Bí ẹ̀sìn Júù ṣe dáhùn rẹ̀

Ọdún méjì àti ààbọ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ Hillel àti ilé ẹ̀kọ́ Shammai fi jiyàn lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: ṣé ó dáa bí Ọlọ́run ṣe dá ènìyàn, àbí ìbá sàn kó má dá a rárá? Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún méjì sẹ́yìn ni àwọn onímọ̀ Júù yìí gbé ayé, inú Talmud, àkójọ ńlá ẹ̀kọ́ àti àríyànjiyàn àwọn rábì, sì ni ìtàn wọn wà títí dòní. Nígbà tó yá, wọ́n dìbò sí i. Ibi tí ìbò náà já sí ni pé ìbá sàn ká ní wọn ò dá ènìyàn. Ṣùgbọ́n níwọ̀n bí wọ́n ti dá a ná, wọ́n ní kó máa yẹ ìṣe rẹ̀ wò.

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀sìn ló máa gbà kí irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ wọ ìwé mímọ́ rẹ̀ láìfi ẹsẹ̀ pa á rẹ́ kí ọmọdé má baà rí i. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ mọ bí Júù ṣe ń rí ìtumọ̀ sí ayé rẹ̀, ibẹ̀ gan-an ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀. Wọn ò fi àlàyé dáhùn ìbéèrè náà. Iṣẹ́ ni wọ́n fi dáhùn rẹ̀.

Àwa tí wọ́n tọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ní mọ́ṣáláṣí, òpin la ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀: bí mo bá kú, níbo ni mò ń lọ? Láti ibẹ̀ la ti ń padà wá wo bó ṣe yẹ ká gbé ayé. Ìdí nìyẹn tí òfin Júù fi ń rú wa lójú. A rí ọkùnrin tí kì í jẹ ẹran pọ̀ mọ́ wàrà, tí kì í tan iná ní Sátidé, tó ń bu omi ṣan ọwọ́ pẹ̀lú àdúrà kó tó fọwọ́ kan búrẹ́dì, a sì rò pé ọ̀run ló ń fi gbogbo rẹ̀ rà. Ẹlòmíì tilẹ̀ ń káàánú rẹ̀, torí ohun tí Pọ́ọ̀lù kọ nípa òfin ló fi ń wò ó.

Júù gbà pé ayé mìíràn ń bọ̀ o. Àjíǹde òkú wà lára ohun 13 tí Moses Maimonides kà sí ìpìlẹ̀ ìgbàgbọ́. Ọmọ ìlú Córdoba ní Sípéènì ni Maimonides, ó di oníṣègùn ní Íjíbítì, ó sì kú ní 1204. Rambam ni àwọn Júù ń pè é. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí ìwé márùn-ún Mósè, kí ẹ wá ibi tí wọ́n ti fi ọ̀run ṣèlérí gẹ́gẹ́ bí èrè. Òjò tó rọ̀ lásìkò lẹ máa rí níbẹ̀, àti ọkà, àti ọmọ, àti àlàáfíà lórí ilẹ̀. Nínú Mishnah, ìwé òfin àti ọ̀rọ̀ àwọn rábì tí Talmud dá lé lórí, Rábì Yaakov sọ pé wákàtí kan tí ènìyàn fi ronú pìwà dà, tó fi ṣe iṣẹ́ rere láyé yìí, dára ju gbogbo ìyè ayé tó ń bọ̀ lọ. Kò tíì gbẹ́nu dúró tó tún fi kún un pé wákàtí kan ìtura ọ̀hún dára ju gbogbo ìyè ayé yìí lọ. Ìtura wà lọ́hùn-ún, iṣẹ́ wà níbí, a kì í sì í fi ọ̀kan rọ́pò èkejì.

Ìtàn kékeré kan nínú Talmud ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé mi ju ọ̀pọ̀ àlàyé lọ. Ọlọ́run ti ní nínú ìwé Nọ́ńbà kí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì fi wajawaja sí etí aṣọ wọn, kí wọ́n lè máa wò ó, kí wọ́n sì máa rántí àṣẹ Rẹ̀. Rábì Hiyya àti Rábì Yonatan wá ń rìn nínú itẹ́ òkú lọ́jọ́ kan, wajawaja aṣọ Yonatan sì ń wọ́ nílẹ̀ lórí sàréè. Hiyya ní kó gbé e sókè, kí àwọn òkú má baà sọ pé, "Lọ́la wọ́n ń bọ̀ wá bá wa, lónìí wọ́n ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́." Ohun tí alààyè fi ju òkú lọ nìyẹn: ó ṣì lè ṣe nǹkan. Títí dòní, ọ̀pọ̀ Júù olùfọkànsìn máa ń ki wajawaja wọn bọ inú aṣọ tí wọ́n bá dé ibi ìsìnkú.

Iṣẹ́ wo wá ni? Rábì Simlai ló kà á sí 613. Ó ní 365 nínú rẹ̀ jẹ́ "má ṣe", bí iye ọjọ́ inú ọdún. 248 jẹ́ "ṣe", bí iye ẹ̀yà ara ènìyàn gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ìgbà yẹn ṣe kà á. Mitzvah, ìyẹn àṣẹ, ni wọ́n ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iye náà lè bani lẹ́rù, àmọ́ kò sí Júù kankan láyé lónìí tó lè pa gbogbo rẹ̀ mọ́. Òmíràn wà fún àlùfáà, òmíràn fún ọba, òmíràn fún àgbẹ̀ tó ń dáko ní ilẹ̀ Ísírẹ́lì nìkan. Púpọ̀ nínú rẹ̀ sì dá lórí ẹbọ rírú ní tẹ́ńpìlì Jerúsálẹ́mù, èyí tí ọmọ ogun Róòmù dáná sun ní ọdún 70.

Iná yẹn ló yẹ kó pa ẹ̀sìn náà. Ibi ìrúbọ ti run, ètùtù ti parí. Kí ló kù tí ènìyàn fẹ́ fi wẹ ẹ̀ṣẹ̀ nù? Wọ́n ní Rábì Yehoshua ń kọjá níbi àwókù tẹ́ńpìlì, ó sì bú sẹ́kún pé ó ti parí fún àwọn. Olùkọ́ rẹ̀, Yohanan ben Zakkai, ní kó má jẹ́ kó dùn ún. Ó ní àwọn ní ètùtù mìíràn tí agbára rẹ̀ bá ti àkọ́kọ́ dọ́gba, ìyẹn ni ìwà àánú, nítorí Hóséà ti sọ ọ́ pé àánú ni Ọlọ́run fẹ́, kì í ṣe ẹbọ. Láti ìgbà náà ni pẹpẹ ti ṣí wọ inú ilé. Tábìlì oúnjẹ di pẹpẹ, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀gbẹ́ ibùsùn aláìsàn, bẹ́ẹ̀ náà ni ọwọ́ tí ènìyàn fi ń yáni lówó. Rambam tilẹ̀ to ìtọrẹ sí ìpele mẹ́jọ. Nísàlẹ̀ pátápátá ni ẹni tó ń fúnni tó sì ń fajú ro. Ẹni tó wà lókè ni ẹni tó yá ènìyàn lówó, tó bá a da òwò pọ̀, tàbí tó wá iṣẹ́ fún un, tí kò fi ní tọrọ mọ́.

Ohun mìíràn tó yàtọ̀ sí bí a ṣe mọ ẹ̀sìn ni pé wọn kì í dúró kí ìgbàgbọ́ pé kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nígbà tí Mósè ka ìwé májẹ̀mú nídìí òkè Sínáì, èsì àwọn ènìyàn nínú Ẹ́kísódù 24:7 ni pé àwọn yóò ṣe é, àwọn yóò sì gbọ́. Ṣíṣe ló ṣáájú. Talmud ní aláìgbàgbọ́ kan rí àgbà onímọ̀ tó ń jẹ́ Rava níbi tó ti rì sínú ẹ̀kọ́, tó fi ẹsẹ̀ tẹ ìka ọwọ́ ara rẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde, tí kò sì mọ̀. Ọkùnrin náà fi í ṣẹ̀sín: "Ẹ̀yin oníwàǹwára, ẹnu yín ti máa ń ṣáájú etí yín láti Sínáì!" Rava ò jiyàn. Ó ní àwọn fọkàn tán Ẹni tó pe àwọn ni. Fún ẹni tó jí láàárọ̀ tí ọkàn rẹ̀ gbẹ, tí kò rí ìdí tí òun fi wà láàyè, ìrọ̀rùn ńlá ló wà nínú ètò yìí. Wọn ò ní kó kọ́kọ́ wá ìdí náà rí. Wọ́n ní kó dìde lọ bẹ aláìsàn wò.

Kó tó kúrò lórí ibùsùn pàápàá, ó ti ní nǹkan láti sọ: ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọba alààyè tó dá ẹ̀mí rẹ̀ padà fún un. Rábì Meir ní ọgọ́rùn-ún irú ọ̀rọ̀ ìyìn báyìí ló yẹ kí ènìyàn sọ lójúmọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì ju gbólóhùn kan lọ. Ó wà fún búrẹ́dì, ó wà fún èso igi, ó wà fún òórùn dídùn. Tí mànàmáná bá kọ, ó ní tirẹ̀. Tí òṣùmàrè bá yọ, wọ́n ń yin Ẹni tó rántí májẹ̀mú Nóà. Ọmọ Yorùbá ni èyí yẹ kó tètè yé, àwa tí a ní "ẹ kú" fún iṣẹ́, fún ìjókòó, fún òjò, fún ìrìn, fún ewu. Bí a ṣe ń kí ara wa sí gbogbo nǹkan ni Júù ṣe ń kí Ọlọ́run sí gbogbo nǹkan.

Èyí tó máa ń pa àlejò lẹ́rìn-ín jù ni ti ilé ìgbẹ́. Tí Júù bá ti ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ tán, tó ti jáde, tó ti fọ ọwọ́, yóò yin Ọlọ́run tó fi ọgbọ́n dá ènìyàn, tó sì dá onírúurú ihò àti ọ̀nà sínú ara rẹ̀. Pé bí ọ̀kan nínú wọn bá ṣí níbi tí kò yẹ, tàbí tí ọ̀kan bá dí, ènìyàn ò ní lè dúró níwájú Rẹ̀. Ẹ lè rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ìtọ̀ bá ti sé mọ́ nínú rí kò ní rẹ́rìn-ín. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀sìn náà ti hàn ketekete: kò sí ohun tó kéré jù, kò sì sí ohun tó dọ̀tí jù, láti mú ènìyàn dúró níwájú Ẹlẹ́dàá rẹ̀. Ìyìn kan sì wà fún ìròyìn ikú. "Ìbùkún ni fún Onídàájọ́ òtítọ́" ni wọ́n ń sọ, ẹlòmíì á fi omijé sọ ọ́. Mishnah ò ní kí inú wọn dùn sí ibi. Ó ní kí wọ́n má jẹ́ kí ibi pa wọ́n lẹ́nu mọ́.

Ta wá ni ènìyàn kan láàárín ọ̀pọ̀ ènìyàn? Nígbà tí wọ́n bá ń dá ẹjọ́ tó lè la ikú lọ láyé àtijọ́, àwọn onídàájọ́ máa ń kìlọ̀ fún ẹlẹ́rìí kó tó lanu. Mishnah kọ ìkìlọ̀ náà sílẹ̀. Wọ́n á rán an létí pé Ádámù nìkan ni Ọlọ́run kọ́kọ́ dá, kí a lè mọ̀ pé ẹni tó bá pa ẹ̀mí kan run dà bí ẹni tó pa odidi ayé run, ẹni tó bá sì gba ẹ̀mí kan là dà bí ẹni tó gba odidi ayé là, àti kí ẹnì kankan má baà sọ fún ẹnì kejì pé, "Bàbá mi ju bàbá tìrẹ lọ." Wọ́n á tún sọ pé ọba ayé máa ń fi òǹtẹ̀ kan tẹ owó ẹyọ púpọ̀, gbogbo rẹ̀ á sì jọra, Ọba àwọn ọba fi òǹtẹ̀ Ádámù tẹ gbogbo ènìyàn, kò sì sí ẹni tó jọ ẹnì kejì. Nítorí náà, ó di dandan kí oníkálukú sọ pé, "Nítorí tèmi ni wọ́n ṣe dá ayé."

Ọ̀rọ̀ yẹn lè gbéni gẹṣin aáyán bí ènìyàn ò bá ṣọ́ra. Rábì Simcha Bunim ti ìlú Przysucha ní Pólándì, tó kú ní 1827, ní kí ènìyàn ní àpò méjì. Kó fi ọ̀rọ̀ Mishnah yìí sínú ọ̀kan. Sínú èkejì, kó fi ọ̀rọ̀ tí Ábúráhámù sọ sí: "Erùpẹ̀ àti eérú ni mí." Ọgbọ́n tó kù ni mímọ ìgbà tó yẹ kó ki ọwọ́ bọ èyí, àti ìgbà tó yẹ kó ki ọwọ́ bọ tọ̀hún. Ẹni tí àárẹ̀ mú nítorí pé iṣẹ́ ayé pọ̀ ju agbára rẹ̀ lọ, Rábì Tarfon ló ń bá a wí, pé kì í ṣe òun ló máa parí iṣẹ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni kò lómìnira láti pa á tì. Wọ́n tún ń ròyìn Rábì Zusya ti Hanipol, pé nígbà tí ikú rẹ̀ ń sún mọ́lé, ó ní wọn ò ní bi òun lọ́run pé kí ló dé tí òun ò jẹ́ Mósè. Ẹ̀rù tó ń ba òun ni pé wọ́n lè bi òun pé kí ló dé tí òun ò jẹ́ Zusya.

Kí n wá dé orí Shabbat, ọjọ́ ìsinmi wọn, torí pé níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìtumọ̀ ayé ti kúrò lẹ́nu, tó di ohun tí a lè fojú rí. Láti kí oòrùn tó wọ̀ ní ọjọ́ Ẹtì títí ìràwọ̀ fi yọ lálẹ́ Sátidé, iṣẹ́ dúró. Oríṣi iṣẹ́ 39 ni Mishnah kà léèwọ̀. Irú iṣẹ́ tí wọ́n fi kọ́ àgọ́ ìjọsìn nínú aginjù ni àwọn onímọ̀ sì ní wọ́n jẹ́: oko ríro, ìrúgbìn gbígbìn, ìkórè, ìyẹ̀fun pípò, aṣọ híhun, lẹ́tà méjì kíkọ, iná dídá, iná pípa, ẹrù gbígbé láti inú ilé sí ìta gbangba. Èyí ló fà á tí àwọn tó ń pa á mọ́ kì í fi í wakọ̀, tí wọn kì í fọwọ́ kan fóònù, tí wọn kì í náwó. Ọbẹ̀ ti jinná sílẹ̀. Ìyá ilé ti tan àbẹ́là. Wọ́n á gbé ọwọ́ lé orí àwọn ọmọ, wọ́n á súre fún wọn, wọ́n á kọrin ìyìn obìnrin oníwà rere láti inú Òwe 31, wọ́n á sọ ìyìn sórí wáìnì, wọ́n á sì gé búrẹ́dì méjì tó dúró fún ìlọ́po méjì mánà tó máa ń bọ́ ní ọjọ́ kẹfà.

Ẹni tó ń wò ó láti ìta máa ń rí èèwọ̀ nìkan. Ẹ fi Òfin Mẹ́wàá tó wà nínú Ẹ́kísódù wé èyí tó wà nínú Diutarónómì, ẹ máa rí i pé ìdí méjì ni wọ́n fún ọjọ́ ìsinmi. Àkọ́kọ́ ni pé Ọlọ́run náà sinmi lẹ́yìn tó dá ayé. Èkejì ni pé, "Rántí pé ẹrú ni ọ́ ní ilẹ̀ Íjíbítì." Ẹrú ò ní àkókò kankan tó jẹ́ tirẹ̀; iye tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ bá pa ni iye tó jẹ́. Abájọ tí àṣẹ náà fi kan ìránṣẹ́kùnrin, ìránṣẹ́bìnrin, àlejò, màlúù àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Fún bí wákàtí 25, kò sẹ́ni tó lè fi ohun tó ṣe jáde sọ iye tí òun tó. Abraham Joshua Heschel, rábì tí wọ́n bí ní Warsaw ní 1907, tó sá fún Hitler dé Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì pa ìyá rẹ̀ àti àwọn arábìnrin rẹ̀ kan ní Yúróòpù, kọ ọ́ ní 1951 pé inú àkókò ni ẹ̀sìn Júù ń kọ́ ààfin rẹ̀ sí. Ogun lè wó tẹ́ńpìlì. Kò sí ọmọ ogun tó lè wó ọjọ́ Sátidé. Heschel yìí kan náà ló bá Martin Luther King rìn nínú ìwọ́de ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú ní Selma ní Amẹ́ríkà ní 1965, tó ní ó dà bí ẹni pé ẹsẹ̀ òun ń gbàdúrà.

Shabbat le, àmọ́ ẹ̀mí ènìyàn ṣáájú rẹ̀. Tí obìnrin bá ń rọbí tàbí tí ẹnì kan dákú, wọn ò kàn gba ọkọ̀ wíwà láyè ni. Ó di dandan. Léfítíkù ní àṣẹ náà wà kí ènìyàn lè yè nípa rẹ̀, àwọn rábì sì fi kún un pé kì í ṣe kó kú nítorí rẹ̀.

Nípa ikú, ohun kan wà tó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Tí òbí bá kú, ọmọ á máa ka àdúrà tí wọ́n ń pè ní Kaddish fún oṣù 11. Kò sí ọ̀rọ̀ ikú kankan nínú rẹ̀, kò dárúkọ òkú, ìyìn Ọlọ́run ni látòkè délẹ̀. Ìdí tí kò fi pé ọdún kan ni pé wọ́n gbà pé oṣù 12 ni ìdájọ́ ẹni búburú, ọmọ wo ló sì fẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ẹni búburú ni bàbá òun? Ó tún wá kù: kò lè dá a kà. Ènìyàn mẹ́wàá gbọ́dọ̀ pé. Ọkùnrin mẹ́wàá ni lọ́dọ̀ àwọn Ọ́tódọ́ọ̀sì, ẹ̀ka tó rọ̀ mọ́ òfin jù, àwọn ẹ̀ka mìíràn ń ka obìnrin mọ́ ọn. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ á fẹ́ ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀, ṣùgbọ́n òfin ti kó o jáde síta láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ẹni kẹwàá tó bọ́ sínú sínágọ́gù, ì báà má mọ ìwé kà dáadáa, òun ni wọ́n ń retí.

Òfin ò sọ ìdí tí ènìyàn rere fi ń jìyà. Jóòbù béèrè, kò rí àlàyé gbà. Ábúráhámù dúnàádúrà pẹ̀lú Ọlọ́run nítorí Sódómù, wọn ò sì bá a wí fún un. Lọ́dọ̀ Júù, bíbá Ọlọ́run jà lórí ọ̀rọ̀ ìdájọ́ òdodo wà lára ìjọsìn. Viktor Frankl, oníṣègùn ọpọlọ láti Vienna, la àgọ́ àwọn Nazi já, Auschwitz wà nínú wọn, títí wọ́n fi dá a sílẹ̀ ní 1945. Ìyàwó rẹ̀, ìyá rẹ̀ àti arákùnrin rẹ̀ ò padà wálé. Kì í ṣe rábì, kò sì kọ̀wé gẹ́gẹ́ bí oníwàásù, ṣùgbọ́n ohun tó sọ jọ ti ilé rẹ̀ gan-an: pé kì í ṣe àwa ló yẹ ká máa bi ayé léèrè ìtumọ̀ rẹ̀, ayé ló ń bi wá, ìṣe wa sì ni èsì.

Kì í ṣe gbogbo Júù ló ń gbé bí mo ṣe ṣàpèjúwe yìí. Àwọn Ọ́tódọ́ọ̀sì gbà pé òfin náà de ènìyàn títí láé. Àwọn Reform ní kí oníkálukú fi ọkàn àti òye yan èyí tó máa gbé e ró, wọ́n sì máa ń tẹnu mọ́ títún ayé ṣe. Àwọn Conservative wà láàárín. Ọ̀pọ̀ wà tí kò gba Ọlọ́run gbọ́ rárá, síbẹ̀ tí wọ́n á jókòó ti tábìlì Àjọ Ìrékọjá lọ́dọọdún, nítorí Júù ni ènìyàn ń jẹ́ nípa ìbí pẹ̀lú, kì í ṣe nípa ìgbàgbọ́ nìkan.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ "ènìyàn tí Ọlọ́run yàn", tó ń bí ọ̀pọ̀ nínú. Ẹ gbọ́ bí Ámósì ṣe sọ ọ́: "Ẹ̀yin nìkan ni mo mọ̀ nínú gbogbo ìdílé ayé, nítorí náà èmi yóò bẹ̀ yín wò nítorí gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ yín." Ẹrù ló yàn fún wọn. Àwọn tó kù nínú ọmọ aráyé ní àṣẹ méje tí wọ́n ń pè ní ti Nóà: kí wọ́n má bọ òrìṣà, kí wọ́n má sọ̀rọ̀ òdì sí Ọlọ́run, kí wọ́n má pànìyàn, kí wọ́n má jalè, kí wọ́n má ṣe àgbèrè, kí wọ́n má gé ẹran jẹ lára ẹranko tó ṣì wà láàyè, kí wọ́n sì gbé ilé ẹjọ́ kalẹ̀. Rambam ní ẹni tó bá pa wọ́n mọ́, tó gbà pé Ọlọ́run ló pa wọ́n láṣẹ, ní ìpín nínú ayé tó ń bọ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi ní rí Júù tó gbé gbohùngbohùn dúró ní ibùdókọ̀ láàárọ̀ kùtùkùtù pé kí ẹ wá di Júù.

Ẹni tó bá fúnra rẹ̀ wá, Talmud ti kọ bí wọ́n ṣe máa gbà á. Wọ́n á kọ́kọ́ bi í pé kí ló rí tó fi ń bọ̀. Ṣé kò mọ̀ pé ìyà ń jẹ Ísírẹ́lì lásìkò yìí, pé wọ́n ń lé wọn kiri? Tó bá ní òun mọ̀, àti pé òun ò tilẹ̀ yẹ láti bá wọn pín in, wọ́n á gbà á lójú ẹsẹ̀. Wọ́n á wá kọ́ ọ ní díẹ̀ nínú àṣẹ tó fúyẹ́ àti díẹ̀ nínú èyí tó wúwo. Lára ohun tí wọ́n á dárúkọ fún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn ni ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tó kórè oko rẹ̀ tán pátápátá, tí kò fi igun oko, èéṣẹ́ àti ìtí ọkà tó gbàgbé sílẹ̀ fún tálákà.